Téèpù Tó Wà Lọ́rùn Mi

Ayétòrò ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Ẹ̀pẹ́,
níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń ṣí aṣọ orí okùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń wá orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé.
Yunifọ́ọ̀mù ni mò ń rán.
Mo mọ èjìká ọmọ ọdún mẹ́fà láìfi téèpù kàn án:
íǹṣì mẹ́wàá, bó pọ̀ tán, mẹ́wàá ààbọ̀.
Àyà wọn a máa rí pẹrẹsẹ bí pátákó.

Múínátù tèmi ló ba ìṣirò náà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí eyín iwájú rẹ̀ kọ́kọ́ mì,
ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló pè mí láti balùwẹ̀:
“Mọ́mì, mo fara pa, mi ò sì ṣubú.”
Mo wo pátá kékeré tí wọ́n ya labalábá sí.
Mo fọ̀ ọ́. Mo tún un fọ̀.
Mi ò tíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà,
mo wá jókòó, mò ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo páàdì.

Ẹnu pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ju ẹja lọ.
Wọ́n ní adìyẹ òyìnbó ni mo fi bọ́ ọ.
Wọ́n ní mo gé ọjọ́ orí rẹ̀ kù.
Tíṣà Ọ̀nàbánjọ ní kí n mú ìwé ìbí wá,
ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ bí owó tí wọ́n fura sí.
Ọlọ́kadà kan súfèé sí i,
sí ọmọ tó ń fa àtàǹpàkò mu.
Àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.
Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Ìdí-Àràbà, dókítà gbé fọ́tò eegun ọwọ́ rẹ̀ kọ́ sára iná.
“Ọmọ yín pé mẹ́fà. Ọwọ́ yìí pé mọ́kànlá.”
Ó nàka sí àlàfo tín-ín-rín láàárín eegun:
“Ibí yìí ni gíga ń gbà wọlé. Ó ti ń pa dé.”
Àṣé ẹni tó ga jù ní kíláàsì lónìí
ni wọn yóò máa bojú wolẹ̀ kí lọ́la.
Ó fọwọ́ kan àmì aláwọ̀ tíì tó wà lẹ́yìn rẹ̀,
èyí tí mo ti ń pè ní ẹwà láti ọjọ́ ìkómọ.
Orúkọ àìsàn náà gùn ju ọmọ náà lọ.
Ó ní nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ, ó lè má ju ẹyọ kan.
Mo bi í pé ta ló kà á kan tèmi.

Abẹ́rẹ́ oṣooṣù, kò sì gbọ́dọ̀ gbóná.
Mo yá kúlà Ìyá Sádíà tó ń ta ọ̀bọ̀kún:
owó ogójì yunifọ́ọ̀mù nínú ìgò kan ṣoṣo
láàárín yìnyín tí òórùn ẹja ò tíì fi sílẹ̀.
Múínátù di imú nínú ọkọ̀:
“Mọ́mì, ṣé ẹja ni nọ́ọ̀sì fẹ́ gún sí mi nídìí?”
A rín ẹ̀rín yẹn láti Ìtòkín délé.

Bàbá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀.
Ó kàn ṣe ìlẹ̀kùn tuntun sí balùwẹ̀,
ó kan ìdè mọ́ ọn nísàlẹ̀, ní ìwọ̀n ọmọ ọdún mẹ́fà.
Múínátù ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó lè fà á.

Lóru, bó bá sùn, mo máa ń wọ̀n ọ́n bí olè.
Oṣù mẹ́ta, téèpù ò kúrò lójú kan.
Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé abiyamọ lè máa dúpẹ́
pé ọmọ òun ò dàgbà.

Àná, eyín náà bọ́.
Mo ṣa òkúta méje fún un, bí a ṣe ń ṣe fún obìnrin,
kó jù wọ́n mọ́ eyín sórí òrùlé, kí alángbá má rí i.
Ó kà wọ́n. Ó dá ẹyọ kan padà sí mi lọ́wọ́.
“Ọdún mẹ́fà ni mo jẹ́.”
Mo gbọ́ wọn lórí páànù, lọ́kọ̀ọ̀kan.
Òkúta keje ṣì wà nínú àpò búláòsì mi,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń fa ìlà.